Kí Ni Wọ́n Ṣe Gan-an?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé iṣẹ́ àmì ẹ̀yẹ wá bá wa ní Ṣómólú, inú ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dùn sí i. Wọ́n á ti fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ ká kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èdè Òyìnbó láti òkè délẹ̀: pé ẹgbẹ́ àwọn mọ rírì ipa ribiribi tí bàbá lágbájá kó nínú ìtẹ̀síwájú ọmọnìyàn. N ó kà á tán, n ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni bàbá ṣe gan-an?" Wọ́n á ní bàbá ti ṣe bẹbẹ. Bẹbẹ wo? Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń le. "Ìwọ ṣáà bá wa kọ ohun tó wà níbẹ̀ yẹn jàre." Bí mo bá wá rọra fà á, tí mo pọ́n wọn lé, á hàn pé bàbá náà ló fi owó ara rẹ̀ ra tiráńsífọ́mà fún àdúgbò nígbà tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ohun ńlá mà nìyẹn! Ta ló wá ní ká fi tiráńsífọ́mà sílẹ̀, ká máa sọ̀rọ̀ ọmọnìyàn?

Ẹni tí kò mọ Ṣómólú dáadáa á rò pé ìwé nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́, ìwé ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká: kàléńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú. Àárín àwọn onítẹ̀wé yìí náà ni àwa tí à ń gbẹ́ orúkọ sára nǹkan fara pamọ́ sí. Akírílíìkì, ike tó dà bíi gíláàsì, la ń lò jù, lẹ́yìn rẹ̀ gíláàsì àti pákó, àti idẹ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o. Oríṣi akírílíìkì méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n dà ní ṣíṣàn sáàárín gíláàsì méjì títí tó fi le; èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ tì jáde ní gbígbóná. Lójú, o ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ó di ìgbà tí iná lésà bá kàn wọ́n: ti àkọ́kọ́ á funfun kedere níbi tí lẹ́tà bá wà, ti èkejì á yọ́, etí lẹ́tà á lẹ̀ mọ́ra, èèyàn á sì máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó rí orúkọ kà. Èkejì yìí ló dínwó. Ẹni tó ń tà á á búra fún ọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí akírílíìkì bá mọ́ gaara, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń gbẹ́. A ó yí ọ̀rọ̀ sódì nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó dúró síwájú lè kà á bó ti yẹ, kí ojú rẹ̀ sì máa dán. Ti gíláàsì yàtọ̀. A ó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, a ó gé lẹ́tà kúrò lára rọ́bà náà, a ó wá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn lù ú. Ibi tí rọ́bà kò bò nìkan ni iyanrìn máa jẹ. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju iṣẹ́ lésà lọ, eruku rẹ̀ ni kò dáa.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le tó orúkọ èèyàn. Àwọn fọ́ǹtì ológe tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn, èyí tí ìrù lẹ́tà rẹ̀ ń lọ́ kiri, kì í sábà ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú. Ohun tí à ń ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà CorelDRAW ni pé a ó mú àmì ìdánudúró, a ó fà á wá sábẹ́ lẹ́tà, a ó sún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà ó kan àmì ohùn lórí. Ọ̀pọ̀ ni kò ní sùúrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pálọ̀ àwọn àgbààgbà wa fi kún fún àmì ẹ̀yẹ tí orúkọ wọn kò pé lára rẹ̀.

Àṣìkọ kì í ṣe tiwa nìkan ṣá. Ife kan wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń du nínú họ́kì orí yìnyín, Stanley Cup, tí Lord Stanley, gómìnà àgbà Kánádà, fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1892. Orúkọ ẹgbẹ́ tó bá gbà á àti ti àwọn eléré rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ sára rẹ̀. Lára rẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ Boston ti ọdún 1972 ti di Bqstqn, Islanders ti 1981 sì di Ilanders. Ní 1984, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Edmonton Oilers ki orúkọ bàbá tirẹ̀ bọ àárín àwọn eléré, bàbá tí kò níṣẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fi lẹ́tà X gbẹ́ orúkọ náà bò mọ́lẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọṣẹ́ wa, apá ti X yẹn ni wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí jù.

Ife eré ìdárayá kò kúkú nílò ju orúkọ lọ. Ẹ wo ife bọ́ọ̀lù tí Áfíríkà ń du láti 1980 sí 2000. Orílẹ̀-èdè tó bá kọ́kọ́ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta ló ni ín pátápátá. Nàìjíríà gbà á ní Sùúrùlérè ní 1980, níbi tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta tí a fi na Àljíríà. A tún gbà á ní 1994. Kamẹrúùnù gbà á ní 1984 àti 1988, àwa náà ni wọ́n sì nà ní àṣekágbá méjèèjì. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2000, Sùúrùlérè la tún ti pàdé. Ẹni tó bá borí ló ń gbé ife lọ títí láé. Ó di 2-2, ó di pẹnaríti. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu ọ̀pá òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, rẹfirí ò kà á. Kamẹrúùnù gbé ife lọ. Ẹni tó wà ní Èkó lọ́jọ́ yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ife náà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ife Àgbáyé. Èyí tí Silvio Gazzaniga ará Ítálì ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ du ní 1974, wúrà kárátì 18 ni, ó lé ní kílò mẹ́fà, orúkọ àwọn tó gbà á àti ọdún sì ni wọ́n ń gbẹ́ sí ìdí rẹ̀, ó parí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ife Jules Rimet, ti di ti Bràsíl láti 1970, àwọn olè wá jí i gbé ní Rio de Janeiro ní 1983, a kò rí i mọ́. Ife ti lọ, ṣùgbọ́n ta ló gbàgbé Pelé?

Ṣùgbọ́n bàbá tó ra tiráńsífọ́mà kò gbá bọ́ọ̀lù kankan lójú ayé. Ọjọ́ tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá kó kúrò ládùúgbò, pátákó àmì ẹ̀yẹ kékeré yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù, ẹlẹ́rìí náà kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ká má sì tan ara wa pé bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti dáa, ó ti tó. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ jáde. Ìda ni wọ́n máa fi bo ohun tí wọ́n bá mọ, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda kúrò, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀. Bí mo bá wo ètè àti ìpéǹpéjú àwọn orí yẹn, èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ ṣe tèmi, n kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé orí ta nìyí. Mo rò pé àwọn tó rọ wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu àwọn apohùn. Oríkì kì í sọ̀rọ̀ gbàràmù: á dárúkọ ogun tí onítọ̀hún jà, oúnjẹ tí kì í jẹ, bó ṣe ń rìn, á tún bú u díẹ̀ sí i. Tiwa lónìí, orúkọ wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni kò sí.

Àwọn kan tún wà tí òwò wọn jẹ́ àwọ́ọ̀dù: wọ́n á kọ lẹ́tà sí ọ pé wọ́n ti yàn ọ́, wọ́n á wá bu owó tábìlì fún ọ. Mo ń bá wọn ṣe é o, owó ilé ìwé ọmọ kò bìkítà. Àmọ́ àwọn gan-an ni kì í lè dáhùn ìbéèrè mi rárá, àwọn náà ló sì máa ń fẹ́ kó tóbi jù lọ.

Láìpẹ́ yìí, màmá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wá ṣe àmì ẹ̀yẹ fún tíṣà wọn tó ti fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Wọ́n jókòó, wọ́n pe ẹnì kan lórí fóònù, ìyẹn pe ẹlòmíì, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ohùn fi ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá hàn pé tíṣà yìí ló ń fi owó oṣù rẹ̀ san owó WAEC fún àwọn ọmọ tí kò ní, àti pé kò sẹ́ni tí kò fi ẹgba nà nínú gbogbo wọn. Wọ́n jiyàn lórí ẹgba. Àwọn kan ní kò yẹ ká kọ ọ́. Ẹnì kan pariwo lórí fóònù pé láìsí ẹgba, kì í ṣe Tíṣà nìyẹn. Ẹgba wọlé. Yorùbá ni wọ́n sì ní ká fi kọ ọ́: ó nà wá, ó san owó ìdánwò fún ẹni tí kò ní, a dúpẹ́.

Màmá wá ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni, tí ọ̀rọ̀ náà ò sì gùn, ṣé n kò ní dín owó kù. Mo ní, "Mà, tí n bá ní kí n ka iye àmì tí mo máa fọwọ́ tò sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́tà, owó yín ì bá lé sí i ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n san ìdajì, wọ́n ní ìyókù di ọjọ́ tí àwọn bá wá gbé e.