Àkíyèsí Nídìí Fíìmù Orí Fóònù

Ẹ mú fíìmù Yorùbá tó gùn tó wákàtí méjì, kẹ́ ẹ gbé fóònù dúró lóòró. Ìlà pupa tó ń fi ibi tí a wò ó dé hàn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 120 lórí mìlímítà 60, ìṣẹ́jú 2 ló wà nínú mìlímítà kan. Àtàǹpàkò àgbàlagbà sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ìyá tó kàn fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọ́ dáadáa níbi tí baálé ilé ti ń bẹ̀bẹ̀ á bá ara rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, nígbà tí ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Lórí YouTube, téèyàn bá fọwọ́ kan apá òsì fídíò lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ó wúlò gan-an. Àmọ́ ta ló sọ fún ìyá?

*

Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ló ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ àwòrán. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, òun ni wọ́n fi ń bá ìtàn lọ. Bí ìlà kan bá gùn, tí ọmọ sì dá fíìmù dúró kó lè kà á tán, ìgbà yẹn gan-an ni ìlà pupa, aago àti bọ́tìnnì máa yọ jáde, tí wọ́n á bo ohun tó fẹ́ kà mọ́lẹ̀. Ẹni tó dá fíìmù dúró, ó fẹ́ rí nǹkan dáadáa ni. Kò yẹ kí ìgbà yẹn jẹ́ ìgbà tí a ó bo ojú rẹ̀.

*

Ìpolówó máa ń pariwo ju fíìmù lọ. Nínú yàrá tí ọmọ ti sùn, ìyà ni.

*

Láyé ijọ́hun ní kaféè, a máa ń ṣí fídíò, a ó dá a dúró, a ó wá dúró kí ìlà eérú kún dé òpin. Lẹ́yìn náà, a ó wò ó láìdúró. Ìyẹn ti lọ. Wọ́n ti ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́ báyìí, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà níwájú nìkan ló ń wọlé, kí ẹni tó bá kúrò láàárín má baà fi ìyókù ṣòfò. Mi ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn pátápátá, torí ó ń dáàbò bo dátà tiwa náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dára àfi lóru ló mọ ohun tí a pàdánù.

*

Ní 2016 ni Google kéde áàpù YouTube Go fún àwọn ibi tí dátà ti wọ́n. Kéèyàn tó wo fídíò, ó máa sọ iye dátà tó máa jẹ, á sì ní kó yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Ẹni tó ń fowó ra nǹkan mọ iye rẹ̀ kó tó rà á. Oṣù Kẹjọ 2022 ni wọ́n pa á tì. Lójú tèmi, kò sí èyí tó bọ̀wọ̀ fún wa tó o.

*

Bàbá sùn lọ nídìí fíìmù. Fíìmù parí, òmíràn tan ara rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kílẹ̀ tó mọ́, dátà ti tán. Ní 2021, YouTube sọ pé títan tó ń tan ara rẹ̀ yìí máa wà ní pípa fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17, àfi tí wọ́n bá fúnra wọn tàn án. Ohun tó dára fún ọmọ ọdún 17 dára fún bàbá tó ń ra dátà.

*

Láti 2020, fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú 8 lè gba ìpolówó láàárín lórí YouTube. Ẹni tó ni ín lè yan ibi tó máa bọ́ sí, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò mọ òwe. Àgbà á ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú…”, ọṣẹ ìfọṣọ á gba ojú fóònù, nígbà tí àgbà bá fi máa padà dé, “…a wo ẹ̀yìn” nìkan la máa gbọ́.

*

YouTube tún fàyè gba ẹni tó ni fídíò láti gbé àwòrán fídíò mìíràn ka orí ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 20 tó gbẹ̀yìn. Nínú fíìmù wa, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀, àwòrán méjì sì ti bo ojú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, bí ìtàn bá parí, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 sílẹ̀ fún orúkọ àwọn òṣèré, kẹ́ ẹ kó àwọn àwòrán yẹn sórí rẹ̀. Ẹ sì fọwọ́ ara yín yan ibi tí ìpolówó máa bọ́ sí.