Ohun tí Fèrè Páànù Kọ́ Mi

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbogbo àwa tí a ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun ni a ń pa òwe yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a ń fi í ṣe ìwà hù. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn kí ìtumọ̀ òwe náà tó yé mi yékéyéké. Ẹnu fèrè kékeré kan tí a fi páànù ṣe ni mo ti gbọ́ ọ, ní ìlú Ennis, ní ẹkùn Clare, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Áyálándì.

Ní ọdún 2017 ni ọmọbìnrin mi tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ bímọ, tí èmi àti ìyá rẹ̀ sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí mo fi rí i pé kò sí iṣẹ́ fún ọkùnrin nínú ilé ìkọ́mọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo jáde lọ na ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn fèrè láti inú ilé ọtí kan. Èmi tí n kì í mu ọtí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò títí orin náà fi parí. Ní ọjọ́ kejì, mo ra fèrè tèmi. Ọmọ mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ládùúgbò tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fèrè fífọn.

Fèrè Náà àti Orin Rẹ̀

Feadóg stáin ni wọ́n ń pe fèrè yìí ní èdè wọn. Ihò mẹ́fà ni ó ní. Ìka mẹ́ta ti ọwọ́ òsì ni ó ń dí mẹ́ta òkè, ìka mẹ́ta ti ọwọ́ ọ̀tún sì ń dí mẹ́ta ìsàlẹ̀. Àtàǹpàkò méjèèjì kàn ń gbé e ró lábẹ́ ni. Bí a bá dí gbogbo ihò náà tí a sì fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, dò ni yóò ké. Bí a bá ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ohùn náà yóò máa gòkè: re, mí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tún dí gbogbo rẹ̀ tí a fẹ́ ẹ le díẹ̀, dò ti òkè ni yóò dáhùn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Robert Clarke, alágbàṣe oko kan ní abúlé Coney Weston, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi páànù ṣe irú fèrè yìí ní ọdún 1843 kí ó tó kó iṣẹ́ náà lọ sí Manchester. Nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ọmọ tálákà lè rà á, ó sì di ohun ìní àwọn ará Áyálándì bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti bí i. Títí di òní, wọn kò yé dárúkọ Micho Russell, àgbẹ̀ ará Doolin tí ó gbé ayé láti 1915 sí 1994. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ fèrè fọn dáadáa yóò gbọ́ àwo tí Mary Bergin ṣe ní ọdún 1979.

Orin ijó ni ó pọ̀ jù nínú orin wọn. Jíìgì ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ríìlì ń rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ìlà méjì ni orin kan sábà máa ń ní. Wọn a fọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọn a tún gbogbo rẹ̀ fọn, lẹ́yìn náà ni wọn a bọ́ sínú orin mìíràn láìdánudúró. Wọn kì í fi ahọ́n gé gbogbo ohùn. Ìka ni wọ́n sábà máa ń lò: ìka kan yóò gbéra fìrí, yóò sì padà, òmíràn yóò lu ihò ìsàlẹ̀, yóò sì tètè kúrò. Bí a bá so méjèèjì pọ̀ sára ohùn kan ṣoṣo, ohùn náà yóò yí bí òkòtó.

Ìwé Mi àti Etí Wọn

Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́ mi ní àmì orin láti kékeré, nítorí náà mo gbà pé orin fèrè kò lè nira fún mi. Ìwé ni mo gbé lọ sí kíláàsì. Kí n tó ṣí ojú ewé, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń fọn ohun tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ ni gbogbo ìlú ń pe ìyá yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Màmá ni èmi ń pè é.

Ó ní, "Pa ìwé yẹn dé."

Mo ní, "Màmá, bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, n ó gbàgbé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni o ó gbàgbé."

N kò gbà. Mo kọ jíìgì kan sílẹ̀ ní àmì dò-re-mí, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì há a sórí, mo sì lọ jókòó láàárín àwọn olórin nílé ọtí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n bọ́ sínú orin mìíràn. Etí mi kò gbọ́, èmi nìkan ni mo ṣì ń fọn ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó bú mi. Ọkùnrin tí ó ń ta gòjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn wo ilẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo fọn orin arò kan fún Màmá láìṣì ohùn kan. Ó béèrè pé, "Kí ni orin náà ń sọ? Ta ni ó kú nínú rẹ̀?" N kò mọ̀. Ó kọ orin náà fún mi ní èdè wọn, lẹ́yìn náà ni ó gbé fèrè. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni ó ti ń mí. Èmi ti mí láàárín ọ̀rọ̀! Èdè wọn kì í ṣe èdè olóhùn bí tiwa, síbẹ̀ ohun tí mo ṣe kò yàtọ̀ sí ti onílù tí ó ń fi dùndún ki ènìyàn, tí ó wá gé orúkọ onítọ̀hún sí méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ń rántí. Ọmọ ọdẹ ni, ní ọdún 2009. Bí ó bá ń sun ìjálá, iṣẹ́ a dúró. Nígbà tí ìdánwò dé, mo ní kí wọ́n kọ àbùdá ìjálá sílẹ̀ kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí àyọlò kan. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fún un, mo sì ní ìwé ìdáhùn tí ó gbè mí lẹ́yìn. Ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi, ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ni ìwé orin tí mo rà wà. Francis O'Neill ni ó ṣe é. Ẹkùn Cork ni wọ́n ti bí i ní 1848, ó sì di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí ó gbé jáde ní 1903 ní orin 1,850 nínú. Etí ni ó fi kó orin jọ. Kò mọ àmì orin kọ dáadáa. Ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀, James O'Neill, ni ó ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní èmi ni mo ṣe ìdánwò fún Francis O'Neill, n bá já a.

Àgbálọgbábọ̀

N kò sọ pé ìwé kò dára. Bí kì í bá ṣe ìwé O'Neill, ọ̀pọ̀ orin náà ni ìbá ti bá àwọn arúgbó wọlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé ni ìránṣẹ́ etí, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún máàkì iṣẹ́ mi ti di ti ẹnu. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ewì kan lẹ́nu àgbà kan, kí ó sì wá ké e láìwo ìwé.

Mo wá ọmọ ọdẹ náà kàn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ti pẹ́. Nígbà tí mo béèrè ìjálá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò sun ún mọ́ láti ọdún náà, bàbá òun náà sì ti papò dà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá di olùkọ́, kí ẹ tó fa igi pupa sára ìwé ọmọ kan, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó la ẹnu.