Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀dọ́ Ìlaròó Lórí Àkàbà Pókà

Orúkọ méjì péré ni ayò ọlọ́pọ́n ń fún ènìyàn: ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ọpọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, ọmọ ayò 48 kan náà ni wọ́n sì ń pín. Bí ọ̀pẹ bá fìdí rẹmi, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín. Yóò dìde, yóò sì lọ jẹun ní ilé rẹ̀. Pókà, tẹ́tẹ́ káàdì tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń ta lórí fóònù lóde òní, kò rí bẹ́ẹ̀. Pókà ní àkàbà, owó sì ni wọ́n fi kan àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ àkàbà náà, dọ́là 2 ni ènìyàn máa ń gbé kalẹ̀ kí ó tó jókòó. Lókè rẹ̀ ni tábìlì dọ́là 5 wà, lẹ́yìn rẹ̀ dọ́là 10, lẹ́yìn rẹ̀ dọ́là 25, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè lọ títí dé ibi tí owó tí ó wà níwájú ẹnì kan ti tó kọ́ ilé. Káàdì 52 náà kì í yí padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun tí ó ń yí padà ni irú àwọn tí ènìyàn ń bá pàdé, àti ohun tí owó náà ń sọ sí i létí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìlaròó tí ó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ kò tíì yọjú, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta lórí àkàbà náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ìta alẹ́ kọ̀ọ̀kan sí: iye tí ó gbé lọ, iye tí ó gbé bọ̀, àṣìṣe tí ó ṣe. Ìwé náà fi hàn pé ọ̀ta ni lórí tábìlì dọ́là 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti gòkè lọ sí ti dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò tí ó fúyẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ìgòkè kẹta tú àṣírí ọ̀ràn náà. Ọba méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì mẹ́ta tí wọ́n sì ṣí sórí tábìlì kò sí èyí tí ó ju ọba lọ nínú wọn. Ẹni tí ó ń bá a ta ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú. Ká ní orí tábìlì dọ́là 10 ni, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bá a dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà, dọ́là 1 ti ju 1,500 náírà lọ. Dọ́là 25 tí ó wà níwájú rẹ̀ sì ti ju 37,000 náírà lọ. Kò rí ọba méjì mọ́. Owó ìdánwò WAEC àbúrò rẹ̀ ni ó rí, ó rí gàrí, ó rí owó iná. Ó sọ káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kejì ṣí tirẹ̀ hàn án: òfo ni. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn tí wọ́n wà lórí tábìlì náà ti mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, wọn kò sì jẹ́ kí ó sinmi mọ́.

Àwọn tí ń ta pókà máa ń sọ pé ìmọ̀ ni ó ń gbé ènìyàn gòkè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Owó tí ó bá ti ní orúkọ kì í ṣe é fi ta pókà. Bí ó bá ti ń jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́, tàbí owó ilé, tàbí owó oògùn, ẹni tí ó gbé e jókòó kò lè fi ojú ọ̀ta wo káàdì, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Náírà sì tún dá kún ìṣòro náà. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là 1 kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó jókòó sí tábìlì dọ́là 10 láti ìgbà náà wá, tí kò ṣípò padà, ti gòkè ní ìlọ́po mẹ́ta láìgbé ẹsẹ̀. Ó wà lójú kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jìnnà sí i.

Ní ọdún 2006, ògbóǹtarìgì kan ní Amẹ́ríkà, Chris Ferguson, pinnu láti bẹ̀rẹ̀ pókà orí íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òfo, láìfi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ di 10,000 dọ́là. Ó ṣe é, ó sì gbà á ju ọdún kan lọ. Òfin tí ó fi de ara rẹ̀ kò le: kò gbọdọ̀ gbé ju ìdá 5 nínú 100 ojú owó rẹ̀ jókòó sí irú àwọn tábìlì yìí. Bí ojú owó bá dín kù, sísọ̀ kalẹ̀ di dandan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òfin náà wá sí Ìlaròó. Kí ọ̀dọ́ yìí tó lè jókòó sí tábìlì dọ́là 25, ó gbọ́dọ̀ ní 500 dọ́là. 240 péré ni ó ní nígbà tí ó gòkè. Ní 1,500 náírà sí dọ́là 1, 500 dọ́là jẹ́ 750,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn! Ta ni yóò tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀ sínú fóònù nígbà tí òrùlé ń jò, tí kò ní fọwọ́ kàn án? Ferguson ti gba ìdíje World Series of Poker ní ọdún 2000 àti mílíọ̀nù 1.5 dọ́là pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe owó òfo tí ó ń tọ́ yìí ni ó fi ń jẹun.

Ìyá ọ̀dọ́ náà kò fẹ́ràn tẹ́tẹ́, kò sì mọ káàdì kankan, ṣùgbọ́n ó ti mọ òfin yìí tipẹ́. Ó ń ra gàrí àti ẹ̀wà ní Ayétòrò, ó sì ń tà á fún àwọn tí ń ná ọjà ẹnubodè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún fi òfin de gbígbé epo bẹntiróòlù lọ sí àwọn ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn oníṣòwò tí gbogbo ojú owó wọn wà nínú ẹrù kan ṣoṣo ṣubú. Ìyá yìí ti pín tirẹ̀ sí mẹ́ta: ọ̀kan nínú ọjà, ọ̀kan nínú àjọ, ọ̀kan nínú ilé.

Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ń dààmú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, owó tí o kò lè pàdánù kí o sì rí ẹ̀bà alẹ́ jẹ, kì í ṣe ojú owó. Oúnjẹ ni."

"Màámi, ṣé kí n wá jókòó sísàlẹ̀ títí ayé ni?"

"Èmi náà ti sọ̀ kalẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa, orí àtẹ ni mo padà sí. Ṣé o rí ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ mi?"

Ìtàn tí ó sábà ń ti ọ̀dọ́ gòkè láìtó àkókò ni ti Chris Moneymaker, tí ó fi 86 dọ́là wọ ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní ọdún 2003, tí èyí gbé e dé Las Vegas, tí ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là níbẹ̀. Ènìyàn 839 ni ó wọ ìdíje Las Vegas náà. Ẹnì kan ni gbogbo ayé ń ròyìn. Kò sì sí ẹni tí ń fi ìtàn náà ṣàlàyé pé onílé tẹ́tẹ́ ń yọ ìdá tirẹ̀ nínú owó ìta, yálà ọ̀ta ni ó jẹ tàbí ọ̀pẹ. Bákan náà, Full Tilt Poker, ìkànnì tí Ferguson ti ṣe ìdánwò rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ òfin Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn wà níbẹ̀ dúró fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà.

Síbẹ̀, kí a má fi pókà wé lọ́tò Bàbá Ìjẹ̀bú. Nínú nọ́ńbà 90, márùn-ún ni wọ́n ń yọ. Ẹni tí ó mú nọ́ńbà méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ni ó lè bọ́ sí i, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì ń san. Kò sí àkàbà níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ń fi owó kún owó ń yára lọ sísàlẹ̀ ni. Àkàbà wà nínú pókà, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ kan náà.

Ọ̀dọ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí tábìlì dọ́là 5 báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Nígbà tí ó jẹ, owó ìdánwò àbúrò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ jáde, kí ó tó ka èyí tí ó kù. Ó ṣì ń kọ ìwé ìwáṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀ta kì í bá àwọn ọmọdé ṣeré. Kí wọ́n máa bá yẹ̀yẹ́ wọn lọ. Eku tí ó kọ́ ìtẹ́ mọ níwọ̀n ara rẹ̀ kì í ṣe ojo. Ó mọ ibi tí òun yóò sùn lálẹ́.