Ilé Tí Bàbá Àgbà Ń Wá



Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá tó bí bàbá mi á dé fìlà, wọ́n á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á lọ dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n á ní, "Ẹ mú mi lọ sílé." Màmá mi á dáhùn pé, "Bàbá, ilé náà lẹ wà o. Egan nìyí." Bàbá Àgbà á ní, "Mo mọ̀ pé Egan nìyí. Ilé ni mo ní kí ẹ mú mi lọ."

Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n lè jẹun tán báyìí kí wọ́n ní àwọn ò tíì jẹun. A rò pé ilé Sùúrùlérè ni wọ́n ń sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ bàbá mi dàgbà. Lọ́jọ́ Sunday kan, bàbá mi gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n wo ilé yẹn títí, wọ́n ní, "Ibí kọ́. Ibí ni wọ́n kó wa wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ ọ́ fún tíṣà tó ń kọ́ wa ní History. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Skọ́tíláǹdì ni, ó lè má le tó bẹ́ẹ̀. Láti 1841 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà ìkànìyàn. Nígbà tó fi máa di 1851, wọ́n tún ń kọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé, iṣẹ́ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti bí i. Wọ́n á ti ìwé náà pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ní 2022 ni wọ́n ṣí ti 1921. Ẹni tó bá mọ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ lè wá a lórí ScotlandsPeople, kó rí àdúgbò àti ilé tó gbé.

Orí mi wú. Mo ní èmi náà á wá tiwa. Lóòótọ́, wọ́n ti ń ka èèyàn l'Ékòó láti 1866. Àmọ́ nínú èyí tí mo rí kà, iye èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ. Ti 2006 sọ pé a jẹ́ 1,277,714 ní Alimosho. Bàbá mi wà nínú iye yẹn, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìka tọ́ka sí wọn?

Bàbá mi wá ní kí n tú àpótí Bàbá Àgbà wò. Mo rí rìsíìtì, mo rí fọ́tò tí kò ní orúkọ, mo sì rí àpò lẹ́tà kan. Orúkọ bàbá tó bí Bàbá Àgbà ló wà lójú rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Victoria Street, Lagos". Kòkòrò ti jẹ nọ́ńbà ilé. 1 ló hàn dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ 4, ó sì lè jẹ́ 9. Orí Ọba George Kẹfà ló wà lára sítáǹbù, ọba yẹn sì kú ní 1952. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọmọdé ni Bàbá Àgbà nígbà yẹn.

Mo tẹ Victoria Street sórí Google, ó ń gbé mi lọ sí Victoria Island. Tíṣà wa ló là mí lójú: Nnamdi Azikiwe Street tòní ni Victoria Street àtijọ́. Wọ́n tún sọ fún mi nípa LEDB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń pa èèyàn l'Ékòó. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan láàárín Erékùṣù Èkó láti tún un kọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ara mi bù máṣọ. "Ibí ni wọ́n kó wa wá."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti bàbá mi wọ kòrópe dé Ìkọ̀tún, a wọ dáńfó dé Ọ̀ṣòdì, a tún wọ ọkọ̀ míì dé CMS, a wá fi ẹsẹ̀ rìn. Aláṣọ lọ́tùn-ún, alábọ́ọ́lì lósì, Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ga lókè wọn. Ibi tí nọ́ńbà méjèèjì lè bọ́ sí, ìsọ̀ la bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá ńlá mi. Bàbá mi dúró, wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi wọkọ̀ padà.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Àgbà tún dé fìlà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, a dé Victoria Street lónìí." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé nọ́ńbà 14 ni àbí 19?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ta ló ń wo nọ́ńbà? Ilé Káfíńtà ni. Tó o bá ti ní Ilé Káfíńtà, wọ́n á mú ẹ dé ẹnu ọ̀nà."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, yàrá sí yàrá. Mo sáré mú ìwé, mo fa ìlà sí i bíi ti Skọ́tíláǹdì: orúkọ, bó ṣe jẹ́ sí olórí ilé, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú. Bàbá ńlá mi, káfíńtà, ará Abẹ́òkúta. Ìyàwó wọn, ó ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ iṣẹ́ méjì. Ayálégbé kan láti Ìlọrin, ó ń rán fìlà. Bàbá Àgbà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Àti àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò bá wa dé Sùúrùlérè."

Bàbá mi dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún wa rí."

Bàbá Àgbà ní, "Ẹ ò bi mí rí."

Ẹni méje ló wà nínú ìwé mi. Bàbá Àgbà ṣì ń dé fìlà nírọ̀lẹ́, àmọ́ a ò sọ fún wọn mọ́ pé ilé náà ni wọ́n wà. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló wà ní yàrá kejì?" Wọ́n á jókòó, wọ́n á sì mú mi lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ fa ìlà márùn-ún sínú ìwé. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé yín, kẹ́ ẹ bi í.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, ọmọ Press Club