Ìdajì Ẹ̀rí Tí N Kò Jẹ́

Nígbà tí mo jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí, mo ní Ọlọ́run yọ èmi àti ilé mi nínú ikú òjijì. Wọ́n pariwo halelúyà. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé òṣìṣẹ́ gáàsì wọ ilé wa, n kò fẹnu bà á.

Peckham ni a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alábíríkì ayé Ọbabìnrin Victoria tó fara ti ara wọn lọ bẹẹrẹ. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ààrò ìyáná wà lára ògiri yàrá, èédú ni wọ́n sì ń dá sí i. Èéfín èédú yìí wà lára ohun tó bo ìlú mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1952, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ìjọba fi ṣòfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Nígbà tó yá, gáàsì gba ipò èédú. Ẹni tó ni ilé ṣáájú wa kò hú ààrò àtijọ́ náà. Ó kàn gbé iná gáàsì síwájú rẹ̀, ó fi pátákó bo ìyókù.

Obìnrin kan ládùúgbò ló pè mí wá mu tíì. Ó ti ṣí ààrò tirẹ̀, ó gbé sítóòfù onígíláàsì kékeré sí i, igi ń jó nínú rẹ̀, àwọn àlejò ń yìn ín. Inú mi ru. Ìlara ni, kò lórúkọ mìíràn. Tiwa rí bí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé owó gáàsì ti wọ́n jù, igi yóò dín ìnáwó wa kù. Irọ́ ni. N kò ṣe ìṣirò kankan. Èmi yìí náà ni mo dàgbà nídìí igi ìdáná ní Ìkirè, tí mo fẹnu fẹ́ná títí omi fi ń dà lójú mi, tí mo búra pé bí mo bá dàgbà, èmi àti èéfín ò ní jọ gbé mọ́!

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ gáàsì, Gas Safe, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan gáàsì ilé. A pe ọ̀kan kó wá yọ iná gáàsì àtijọ́ náà. Kó tó tú nǹkan kan, ó dáná sí oògùn eléèéfín kékeré kan nísàlẹ̀ ihò èéfín. Ó yẹ kí èéfín náà gba inú ṣímínì jáde lórí òrùlé. Ó ṣẹ́rí padà bá wa ní pálọ̀. Ọkùnrin náà pa gáàsì, ó lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, ó wá bi wá bóyá orí máa ń fọ́ wa.

A wo ara wa. Orí ti ń fọ́ mi láti ìgbà tí òtútù ti mú. Ọmọ wa a máa tòògbé ní pálọ̀, bó bá jáde síta, ojú rẹ̀ a dá. A ti lo Panadol, a ti fi òróró kùn ún lórí, ọkọ mi tilẹ̀ ti ń fura sí àwọn ará ilé. Carbon monoxide ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, tí yóò gba ààyè tí ó yẹ kí ọ́síjìn wà. Nígbà tí wọ́n tú ihò náà, ìtẹ́ ẹyẹ, àfọ́kù bíríkì àti ìdọ̀tí èéfín ló kún un.

Báyìí ni àtúnṣe tí mo fi ìlara bẹ̀rẹ̀ ṣe di ọ̀ranyàn. Bíríkìlà wó ojú ààrò, ó to ìdí rẹ̀ ní òkúta tuntun. Wọ́n ju páìpù irin tí kì í dípẹtà láti orí òrùlé wá sísàlẹ̀. Sítóòfù tí òfin gbà láyè la rà, nítorí pé ibi tó pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù ni èèyàn ò ti gbọ́dọ̀ máa rú èéfín bó ṣe wù ú. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí omi inú rẹ̀ má ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. A sì kan ẹ̀rọ kan mọ́ ògiri, tí yóò máa ké bí carbon monoxide bá jáde.

Màmá mi dé láti Ìkirè, wọ́n jókòó ti sítóòfù náà.

“Owó lẹ fi ra èéfín?”

Mo ní, “Ẹ wò ó, Mà, kò wọlé, òkè ló ń lọ.”

“Ó ń gòkè lọ bá ta?”

N kò rí èsì fọ̀. Àwọn dókítà ìlú yìí náà ń bèèrè ohun tó jọ ọ́, nítorí eruku wẹ́wẹ́ inú èéfín igi.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè parí ẹ̀rí mi nìyí: ká ní mo ní ìtẹ́lọ́rùn bí pásítọ̀ ti ń wàásù rẹ̀, gáàsì yẹn ni à bá ṣì máa yá títí di òní, bí a bá ṣì wà láyé. Ta ni yóò ṣe halelúyà sí ìyẹn? Ọkọ mi ti gbọ́ ti ìlara náà, ó rẹ́rìn-ín. Iye tí òkúta ìdí ààrò jẹ́ gan-an ni kò tíì gbọ́, nítorí owó àjọ mi ni mo fi kún un.