Òwúrọ̀ Kan Létí Òkun Àgbádárìgì

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò oòrùn nígbà tí ó ń yọ létí òkun Àgbádárìgì, kí ó má ṣe lọ ní oṣù kẹfà. Gúúsù ni etíkun náà kọjú sí. Oòrùn oṣù kẹfà a máa yọ láti apá ilẹ̀, lẹ́yìn igi àgbọn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kìíní ni ó máa ń yọ láti ojú òkun. Ìgbà náà gan-an sì ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bo ojú ọ̀run.

A mọ èyí kí a tó lọ ní oṣù kìíní ọdún 2023, ṣùgbọ́n a kò lè dúró. Dókítà ti sọ fún wa pé ojú ìyàwó wa ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́, pé oògùn tí ó ń kán sí i lè dín ìrìn àrùn náà kù, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti lọ kò ní padà. A bi í pé kí ni ó wù ú láti rí. A rò pé yóò dárúkọ Jerúsálẹ́mù. Ó ní òun kò tíì rí oòrùn kí ó yọ láti inú òkun rí.

A sùn sí Àgbádárìgì. Kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, a ti wà létí ọ̀sà, à ń dúró de atukọ̀ tí a bá ṣàdéhùn lálẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó dé. (Àwa tí a máa ń bá ìjọ wí nítorí pípẹ́ lẹ́yìn!) A rékọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a sì fẹsẹ̀ rin inú iyanrìn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ láyé ọjọ́un. Ìyàwó wa di apá wa mú. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí etí oòrùn bá yọ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jáde, ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ péré ni. A gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, a ń wo aago. Aago méje kọjá. Funfun ni gbogbo rẹ̀. A kò mọ ibi tí òkun parí sí. Inú bí wa, a kò ní purọ́. A ti ń tú kámẹ́rà palẹ̀ nígbà tí ìyàwó wa ní, “Dádì, ẹ wò ó! Kí nìyẹn?”

Ó ti gòkè kúrò lójú omi, ó rí roboto, ó pọ́n bí epo, kò sì ní ìtànṣán kankan. Kí a tó tún kámẹ́rà tò, ó ti ń di funfun. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó dára, ìyàwó wa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí òkun, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà fún wa, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, “Ẹ ò rí i yà tán. Ó tóbi ju báyìí lọ.”