Ẹni Tí Ó Ń Gbọn Ìrì

Mẹ́rin ni àwa tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní àárọ̀ Sátidé ní Ìbàdàn, agbára wa kò sì dọ́gba. Èyí tí ó kéré jù nínú wa lè gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀yọ́ kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ó dàgbà jù, tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Dókítà ni ó ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá fi í sílẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní wá mọ́. Bí kò bá sì wá mọ́, orí àga ni yóò padà sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni ó fẹ́ da ètò wa rú. Àbúrò kọ̀ láti ṣíwájú àgbà. ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ níwájú.’ Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìyà ni ó fi ń jẹ ẹni tí ó ń bọ̀wọ̀ fún. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí a bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ọ̀pọ̀ nínú agbára ẹni. Ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn a sì rí ààbò. Bí a bá ń lọ sí oko ní ìdájí, ta ni í gbọn ìrì bí kò ṣe ẹni tí ó ṣíwájú? Láti ọjọ́ tí mo ti bi àbúrò ní ìbéèrè yìí ni ó ti ń lọ níwájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ sí i, ti ẹ̀gbọ́n dínkù, bẹ́ẹ̀ eré kan náà ni àwọn méjèèjì ń sá.

Bí ó bá di òkè, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ìrìn ti falẹ̀, afẹ́fẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ara rẹ̀ ni olúkúlùkù ń gbé gòkè, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ẹnìkejì gbé tirẹ̀. Òkè Màpó, níbi tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn ìlú ní ọdún 1929, kò mọ ẹni tí í ṣe àgbà. Àdéhùn wa ni pé kí kálukú gùn ún bí agbára rẹ̀ ti mọ. Àbúrò a dé òkè, a ṣẹ́rí padà wá pàdé ẹ̀gbọ́n, a sì tún un gùn lẹ́ẹ̀kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti ẹnìkẹrin a máa mí hẹlẹhẹlẹ láàárín wọn.

Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, níwọ̀nba. Níwọ̀nba yìí ni pé kí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin. Ó rọ̀ wá lọ́rùn láti mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n kì í yé pa ìtàn lórí kẹ̀kẹ́. Bí ìtàn náà bá dákẹ́, àbúrò mọ̀, láìbojúwẹ̀yìn, pé ó tó àkókò láti rọra.